Awò Tó Ń Kí Ènìyàn

Ẹni tó bá rò pé irun ni onígbàjámọ̀ fi ń jẹun, kò tíì jókòó sórí àga rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ló fi ń jẹun; irun kàn ń já bọ́ sílẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ tí ìtàn yìí dá lé, láti ìgbà tó bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di ìgbà tó bá gbá irun ìkẹyìn jáde, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí èèyàn bá ṣe ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ìrìn, ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, orúnkún tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ńkọ́? Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa sọ pé kó tó kí èèyàn tán, irun mìíràn á ti hù.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Adákẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó yadi o. Bí o bá kí i, á dá ọ lóhùn kíá, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Láti ìgbà tí kò tíì ga tó àga ló ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ń bá a mú aṣọ ìnura dání, tí bàbá sì ń wí fún un pé, "Ẹni tó bá kí ọ, dá a lóhùn. Ì báà jẹ́ pé eyín ń dùn ọ́, kọ́kọ́ dá a lóhùn ná." Àwọn àgbà ń yin ọmọ náà, wọ́n sì ń yin ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "dáadáa ni, ẹ ṣé sà", ọ̀rọ̀ tán. Bí ojú méjì mẹ́ta bá kọjú sí i pé kó sọ nǹkan kan, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù, ọ̀fun rẹ̀ á dí pa.

Fírìjì ni ọmọ yìí mọ̀. Ẹ̀yìn ilé wọn kún fún òkú fírìjì tí àwọn aládùúgbò gbé jù sílẹ̀, òun ló sì ń jí wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ fírìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ibẹ̀ ni Adákẹ́ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba èèyàn wọlé, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò orí ìwé, lẹ́yìn náà kó dúró níwájú olùkọ́ mẹ́ta, níṣojú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣe ti orí ìwé, ó fakọ yọ. Nígbà tó di ti ẹnu, ó wọlé, ó kí àwọn olùkọ́ bó ti yẹ, lẹ́yìn náà ó dúró bí òpó, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e jáde. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé dáadáa ni?" Ó ní, "Dáadáa ni, bàbá mi." Ìgbà tí àwọn ọmọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ẹ̀kọ́ náà, tí tirẹ̀ jókòó sílé, ni bàbá tó mọ̀ pé nǹkan kò dáa rárá.

Láti ìgbà náà, Adákẹ́ kò fẹ́ ibi tí èrò bá wà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Bí èyí bá tún bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, ló mú ọ̀rọ̀ kan wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá Adákẹ́, yàrá kan wà lókè níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọkùnrin tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ níbẹ̀. Awò ńlá kan ni wọ́n ń dé sójú wọn. Bí wọ́n bá ti dé e tán, wọ́n á máa rí ibi tí kò sí."

Onígbàjámọ̀ gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Ibi tí kò sí? Ìyàwó mi, ọmọ tí kì í fẹ́ lọ síbi tó wà, o tún fẹ́ gbé e lọ síbi tí kò sí?"

"Ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ti bá olùtọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀la la máa lọ."

"Adákẹ́, ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ, bàbá mi," ni ọmọ náà wí. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó fẹ́ wọ inú kànga, bóyá ohun tí ì bá sọ náà nìyẹn.

Yàrá tí wọ́n ń wí kò tóbi. Wọ́n lẹ téèpù pupa mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rin, kí ẹni tó bá dé awò má bàa rìn lọ kọ lu ògiri. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, fèrèsé sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ilé ìwòsàn sí. Olùtọ́jú náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Àǹtí Dókítà ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó gbé awò náà fún onígbàjámọ̀ kó dì í mú. Ó dúdú, ó wúwo díẹ̀, ó dà bí èyí tí àwọn wẹ́dà máa ń fi bojú, àfi pé kò sí ibi tí èèyàn lè gbà yọjú wo ìta.

"Bàbá, ẹ̀rù dà bí omi tútù," ó ṣàlàyé. "Bí èèyàn bá bẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sáré jáde. Ṣùgbọ́n bó bá ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ara á gbà á. Yàrá tó ṣófo ni ọmọ á kọ́kọ́ rí nínú awò yìí. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á wọlé, lẹ́yìn náà ẹni mẹ́ta, títí gbọ̀ngàn á fi kún. Ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan, ohùn kan á bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, á gbé e síwájú. Bí kò bá balẹ̀, á dá a padà, á jẹ́ kó lọ sinmi létí odò."

"Odò wà nínú ẹ̀?"

"Odò wà nínú ẹ̀, Bàbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù. Ọmọ mi máa ń ní ikọ́."

Olùtọ́jú náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá so ẹ̀gbà ọwọ́ kan mọ́ ọrùn ọwọ́ Adákẹ́. Ẹ̀gbà náà ló ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, tí ó sì ń fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ kìíní, Adákẹ́ ti inú yàrá òfìfo bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ó ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, kò dúró níbì kankan. Gbogbo ìgbà tí ohùn inú awò bá béèrè, àlàáfíà ni ó ń dáhùn. Olùtọ́jú kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tó rú u lójú ni ẹ̀gbà ọwọ́ náà, nítorí ẹ̀gbà ń wí pé ọkàn ọmọ yìí ń sáré bí ẹṣin tí wọ́n tú sílẹ̀. Ẹnu ní àlàáfíà, ẹ̀gbà ní ogun. Ó wò ó, ó ní ẹ̀gbà náà ti bàjẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì tún wí bí ti àkọ́kọ́. Wọ́n yá ẹ̀kẹta láti yàrá kejì, ìyẹn náà kàn tún ń sáré ni. "Bóyá iná ilé yìí ló ń dà wọ́n láàmú," ni olùtọ́jú wí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Onígbàjámọ̀ kò gbọ́ ti ẹ̀gbà. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun ń fò láti ìpele dé ìpele. Gbogbo orí tó bá bọ́ sábẹ́ kílípà rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ló gbọ́ ìròyìn yìí.

"Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Adákẹ́, ó ti ń dúró níwájú gbọ̀ngàn!"

Bíríkìlà kan wà lórí àga lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin ńlá tí yanrìn kì í tán nínú irun rẹ̀. "Gbọ̀ngàn wo?" ó béèrè. "Gbọ̀ngàn tó wà nínú awò? Onígbàjámọ̀, èmi náà kọ́ ilé alájà méje lójú àlá lálẹ́ àná. Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ onígbàjámọ̀ lára. Adákẹ́ ń gbálẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ fi kílípà tọ́ka sí i.

"Wá síbí, ọkọ mi. Sọ fún wọn bí fírìjì ṣe ń mú nǹkan tutù. Díẹ̀ péré. Jẹ́ kí ẹnu ó yà wọ́n."

Ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ojú àwọn oníbàárà bá a nínú dígí, ojú wọn tún bá a lójúkojú, àfi bíi pé wọ́n di ìlọ́po méjì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Òógùn yọ lẹ́tè òkè rẹ̀. Bíríkìlà, tí kì í ṣe èèyàn burúkú, sọ jẹ́jẹ́ pé, "Fi í sílẹ̀, bàbá ẹ ló ń da ara ẹ̀ láàmú." Adákẹ́ yí padà, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i, ó ti jókòó sílẹ̀ láàárín fírìjì méjì, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn bí ẹni tí òjò pa, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń ràn.

"Adákẹ́. Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, bàbá mi."

Onígbàjámọ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà léjìká.

Nígbà tí ọjọ́ àtilọ sí ilé ìwòsàn tún pé, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà. Ìyẹn nìkan tó kí àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìbínú ń bẹ.

"Dókítà, mo wá gba ọmọ mi padà. Ẹ ní ó ń tẹ̀ síwájú. Iwájú wo? Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ń gbọ̀n báyìí. Nǹkan tí ẹ dé sójú ẹ̀ yẹn kò ṣe é lóore."

Olùtọ́jú kò bá a jiyàn. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. "Bàbá, ohun tí ẹ sọ yìí kò bá ohun tí mò ń rí mu. Mi ò fẹ́ kí ẹ mú un lọ kí n tó mọ ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ dé e wò ná, kí ẹ bá mi wò ó bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí."

"Èmi? Èmi tí mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Kí ni màá rí níbẹ̀ tó máa bà mí lẹ́rù?" Ó bọ́ sí àárín téèpù pupa, ó na ọrùn. "Ẹ dé e."

Ilé ìwòsàn pòórá. Yàrá kan ló wà, tó ní àwọn àga onígi, tí oòrùn tàn sí ilẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àga kan, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú òfo. Bó ti ń wò káàkiri ni ohùn obìnrin kan dún létí rẹ̀, ohùn àgbàlagbà, ohùn tó tutù bí ti ìyá àgbà:

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

Onígbàjámọ̀ tẹrí ba díẹ̀. "Àlàáfíà ni, mà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ohùn náà kò sọ bí ilé ṣe wà. Ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn. Kò kí i. Onígbàjámọ̀ kí i, kò dáhùn. "Ṣé àlàáfíà ni?" ni ohùn náà tún wí. "A dúpẹ́, mà, àlàáfíà ni." Ẹni méjì tún wọlé, wọ́n jókòó ti ẹni àkọ́kọ́, wọ́n ń wò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù, dígí ni àwọn èèyàn ń wò, wọ́n sì máa ń ní ọ̀rọ̀ tiwọn lẹ́nu. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Tirẹ̀ ni wọ́n ń retí. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. "Ṣé àlàáfíà ni?" "Àlàáfíà ni o, mà!" Ni gbogbo àga bá kún lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn lọ rẹrẹ, kò sí ẹni tó ń ṣẹ́jú.

"Ẹ yọ ọ́! Ẹ bá mi yọ nǹkan yìí lójú!"

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó ń mí gúlegúle, ó di etí tábìlì mú. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín tó ti pẹ́ tó ti gbọ́ kẹ́yìn. Adákẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ sì ń sọ pé àlàáfíà ni."

"Ó kí mi ni! Obìnrin àgbàlagbà kí mi, ṣé kí n yínmú sí i ni?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó wo awò, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn," ó wí.

Olùtọ́jú, tó ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, dá ọwọ́ dúró. "Jọ̀ọ́, tún un sọ."

"Ó ń kí mi, mà. Mo sì ń dá a lóhùn." Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. "Mi ò mọ̀ pé ó ń bi mí ni."

Olùtọ́jú fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí o ti dé o! Inú mi ń dùn, mò ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Àwọn tó ṣe awò yìí sọ ọ̀rọ̀ wọn di Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ dáadáa, ìkíni gidi ni wọ́n fi sí i. Ta ni yóò kí ọmọ gidi tí kò ní sọ pé àlàáfíà ni? Bí awò bá sì ti gbọ́ àlàáfíà, ṣe ló ń gbé èrò tuntun wá!" Ó wo àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́ta tó wà lórí tábìlì. "Gbogbo yín ni mo sì sọ di aláìsàn lásán."

Onígbàjámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò tó kọjá, ó ń ro ọmọ tó wà láàárín fírìjì méjì. Ìbéèrè ló rò pé òun ń bi í, àṣé ìkíni ni. Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú rẹ̀ lọ, ó jókòó síbẹ̀.

Olùtọ́jú kò lè yí ohùn inú awò padà, nítorí ibi tí wọ́n ti ṣe é jìnnà. Ṣùgbọ́n ó lè pa á lẹ́nu mọ́, kí òun fúnra rẹ̀ máa béèrè láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó dé awò fún Adákẹ́, ó gbé e sínú yàrá òfìfo, ó ní, "Ó dáa. Ṣé ara rẹ balẹ̀?"

"Ó balẹ̀, mà," ni Adákẹ́ wí kíákíá. Lójú ẹsẹ̀ ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní 'ṣé' níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ló ń fà jáde lẹ́nu mi," ọmọ náà wí lábẹ́ awò. "Kí n tó rò ó, ó ti jáde."

"Kí wá ni ká máa bi ọ́?"

Adákẹ́ ronú. Bàbá rẹ̀ fẹ́ bá a ronú, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ẹ máa bi mí níbi tó wà," ni ọmọ náà wí níkẹyìn. "Ìpayà yẹn. Kì í dúró lójú kan, ó máa ń rìn káàkiri. Bí ẹ bá bi mí níbi tó wà, mo gbọ́dọ̀ wá a kí n tó dáhùn."

"Níbo ló wà báyìí?"

Ó pẹ́ díẹ̀. "Ó wà ní ọwọ́ mi méjèèjì. Ó ń wá sí àyà."

"Ó dáa. A ò ní kúrò níbí títí yóò fi jókòó."

Láti ọjọ́ náà, Adákẹ́ kò fò láti ìpele kan sí ìkejì mọ́. Ṣe ló ń rákò. Ó lo ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó yẹn, ó ń lọ sí etí odò, ó ń padà. Bàbá rẹ̀ yọ́ lọ bá olùtọ́jú. "Dókítà, ṣé kì í ṣe pé ó ti padà sẹ́yìn?" Olùtọ́jú ní, "Bàbá, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbádùn láìlo oògùn: ohun tí ẹnu bá wí, òun ni wọ́n ń wí.

Nílé, kò rọrùn. Kí èèyàn tó ti ń ta ọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe tó kọ́ bí a ṣe ń béèrè, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọmọ náà ti bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ sọ̀ kalẹ̀ wálé, "ṣé dáa—" ti dé ètè onígbàjámọ̀ kó tó gbé e mì.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà ní èjìká mi."

Kò sí ẹni tó kọ́ bàbá ní èsì ìyẹn. "Kí ni kí n wá ṣe sí i?"

"Kò sí nǹkan kan, bàbá mi. Ẹ kàn mọ̀ ni."

Ìyá Adákẹ́, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ bàtà," ó wí. Onígbàjámọ̀ jókòó.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dára. Ọjọ́ wà tí Adákẹ́ kò jáde nílé. Ọjọ́ wà tó dé gbọ̀ngàn inú awò, tó sọ pé ìpayà náà ti gun ọ̀fun òun, ọ̀fun ti dí, kí wọ́n mú òun kúrò, wọ́n sì mú un kúrò. Olùtọ́jú sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ìkùnà. Ìgbà tó sá jáde lọ́dún tó kọjá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni; lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kan dé tó dúró níwájú gbọ̀ngàn náà, tó ṣàlàyé fún àwọn tí kò sí pé fírìjì kì í dá òtútù sílẹ̀, ooru ló ń kó jáde. Ó kó ọ̀rọ̀ náà jọ, ó tú u ká, ó tún un sọ. Nígbà tó yọ awò, ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í húkọ́. Èèyàn gidi máa ń húkọ́." Torí náà ni ìyá rẹ̀ fi kó àwọn alágbàfọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí yàrá náà ní àsìkò ìsinmi wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa húkọ́. Ìyá kan tilẹ̀ sùn lọ, ó ń hanrun. Adákẹ́ sọ̀rọ̀ títí dé òpin láàárín ìhanrun náà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ti orí ìwé ti kọjá, ó sì yege. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àárín àwọn ọmọ mìíràn àti àwọn òbí wọn. Nígbà tí wọ́n pe Adákẹ́, ó dìde, ó fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè rí ibi tí ìpayà wà, ó sì wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Kò sí ohun tó ń jáde gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà. Kò sí ohùn kankan. Onígbàjámọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì í, tó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, yíjú sí i, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Rárá o, ìyá," onígbàjámọ̀ wí. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. "Ọmọ mi ló wà nínú ibẹ̀ yẹn. Mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀, inú mi sì ń dà rú."

Obìnrin náà wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Tèmi ló kàn lẹ́yìn tiyín. Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jẹ nǹkan kan." Ó sún mọ́ ọn díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, ohùn kan dún nínú yàrá. Kò lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ni ín. Ohùn náà dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kò dúró mọ́.

Adákẹ́ jáde, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó kí ìyá tó ní báàgì, ó gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá, ó ń lọ sí ìta. Onígbàjámọ̀ sáré tẹ̀ lé e títí dé orí àtẹ̀gùn níwájú ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìbéèrè ayé ti kún ẹnu rẹ̀, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ tú síta. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dí, bàbá mi. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ọ̀fun mi dí pa, bíi ti èṣí. Mo bá sọ fún wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ wà níkùn mi o, ọ̀fun mi ló dí, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi láyè díẹ̀."

"O sọ bẹ́ẹ̀? Fún àwọn olùkọ́?"

"Mo sọ ọ́. Olùkọ́ tó dàgbà jù ní kò burú, òun náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín." Ó fi apá ẹ̀wù nu ojú rẹ̀. "Mo ṣi ọ̀kan níbi gáàsì. Mo mọ̀ ọ́n o, mo kàn dà á rú ni. Gbogbo èyí tó kù, mo gbà á. Wọ́n ní kí n ra bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, pé wọn kì í wọ sálúbàtà níbi iṣẹ́."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàtà náà tó yé onígbàjámọ̀. Nígbà tó yé e, ó gbá ọmọ náà lápá mú. "Wọ́n gbà ọ́! Ó yá, jẹ́ ká lọ sọ fún ìyá rẹ! Jẹ́ ká—"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Orúnkún mi ò tíì lè gbé mi délé."

Àwọn èèyàn ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń yà fún wọn lórí àtẹ̀gùn. Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ gbá eruku kúrò lójú kan, ó jókòó, ó sì fa ọmọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.